Ewé wo ni mo lè fi rọ́pò collard?

Ìyá Ìbejì, Ìkòròdú:
Mo kí gbogbo yín o. Ìyàwó wa, tí àbúrò mi fẹ́ ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, ń bọ̀ wá kí wa, mo sì fẹ́ se ewé collard tí wọ́n máa ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ lápá gúúsù ibẹ̀. N kò rí i rà lọ́jà Ìkòròdú. Ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ yíyan ni mo sì gbọ́ pé wọ́n fi ń sè é, bẹ́ẹ̀ a kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀ nílé wa. Kí ni kí n ṣe?

Alásè Àgbádárìgì:
Ẹ kú ìmúra àlejò. Ẹbí kan náà ni collard àti kábéèjì, nítorí náà, ẹ bẹ oníkábéèjì pé kí ó bá yín tọ́jú àwọn ewé ìta tó dúdú, tó sì le, tí wọ́n máa ń ya dànù. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ lo ugu tó ti gbó díẹ̀. Ẹ má lo gbúre, nítorí pé iná pípẹ́ ni oúnjẹ yìí ń fẹ́, omi lásán ni gbúre yóò sì dà.

Apá tòlótòló yíyan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò níbẹ̀ dípò ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ sè é pẹ̀lú àlùbọ́sà, ááyù àti ata gbígbẹ fún bíi wákàtí kan, títí ẹran yóò fi máa bọ́ lára egungun. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ igi àárín ewé, ẹ ká ewé bí ẹní, ẹ rẹ́ ẹ, kí ẹ sì dà á sínú omi ẹran náà lórí iná tó rọra ń jó. Kábéèjì lè gbà tó ìṣẹ́jú 45. Ugu kò ní pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Fínígà díẹ̀ ló kẹ́yìn.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má bọ ewé náà kí ẹ fún un bí a ti ń ṣe ẹ̀fọ́ rírò! Inú omi yẹn ni gbogbo adùn wà, búrẹ́dì àgbàdo ni wọ́n sì fi ń jẹ ẹ́.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́:
Màmá, àrọ̀ yíyan láti ọjà Olúwo náà yóò dára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé adùn rẹ̀ yóò yàtọ̀. Ìgbà tí ewé bá fẹ́ jinná ni kí ẹ fi sí i, kí ó má baà fọ́ túútúú.

Ìyá Ìbejì, Ìkòròdú:
Ẹ ṣeun gan-an. Tòlótòló ni n ó lò. Iyọ̀ ńkọ́?

Alásè Àgbádárìgì:
Ẹran yíyan sábà máa ń ní iyọ̀ lára. Ẹ tọ́ omi náà wò nígbà tí ewé bá rọ̀ tán, kí ẹ tó fọwọ́ kan iyọ̀ rárá.