Ogun Faransé àti ta ni?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ti ka àbá tí ẹ̀gbọ́n wa gbé kalẹ̀ fún ìwé ìtàn Amẹ́ríkà tí wọ́n ń túmọ̀. Ogun tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jà ní Amẹ́ríkà ti Àríwá láti 1754 títí di 1763, wọ́n pè é ní "Ogun Faransé àti Íńdíà". Òun àti gbogbo àwọn ogun irú rẹ̀, wọ́n kó wọn pọ̀ sábẹ́ "ogun amúnisìn". Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, méjèèjì ni mo fẹ́ takò.

Ẹ jẹ́ ká mú "Íńdíà" ná. Ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ Íńdíà, ìlú Delhi ni ọkàn rẹ̀ ń lọ. Columbus ló gúnlẹ̀ sí erékùṣù ẹlòmíì ní 1492 tó rò pé òun ti dé Ìlà-Oòrùn, ló bá pe àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ ní ará Íńdíà. Àṣìṣe tirẹ̀ nìyẹn, kí ló wá kàn wá tí a ó fi jogún rẹ̀? Àmọ́ "àti" yẹn gan-an ló burú jù. Bí mo bá ní "ìjà Táyé àti Kẹ́hìndé", ta ni yóò rò pé ẹ̀yìn kan náà ni àwọn méjèèjì wà? Bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn kan náà ni orúkọ yẹn kó wọn sí: àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń gbé ibẹ̀ ni wọ́n sọ ogun náà lórúkọ àwọn ọ̀tá wọn, Faransé àti àwọn onílẹ̀ tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Kódà kì í ṣe gbogbo onílẹ̀ ló wà lẹ́yìn Faransé. Àwọn Mohawk bá Gẹ̀ẹ́sì jà ní Lake George ní 1755, ibẹ̀ ni Hendrick, àgbà ìjòyè wọn, kú sí.

Ẹnu ẹni tó bá ń sọ ọ́ ni orúkọ ogun yìí ti ń yí padà. Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, Ogun Ọdún Méje ni, nítorí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti 1756; ní Amẹ́ríkà níbi tí ìbọn ti kọ́kọ́ dún, ọdún mẹ́sàn-án ni. Àwọn ará Quebec ní Kánádà tó ń sọ Faransé ń pè é ní ogun tí wọ́n fi gba ilẹ̀ mọ́ àwọn lọ́wọ́. Mo fẹ́ dábàá "Ogun Ìgbalẹ̀" fún ìyẹn, mo bá rántí àwa tí a kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Ogun ìgbálẹ̀ ni ì bá dà, a ó sì máa wá ẹni tó kó ìdọ̀tí.

Ó di "amúnisìn". Mú ẹni sìn: ọ̀gá kan, ẹrú kan. Ọ̀rọ̀ yẹn bá ohun tí ọba òyìnbó ṣe fún ìlú tó kó lẹ́rú mu. Ṣùgbọ́n ọ̀gá méjì ló ń jà níbí, wọ́n sì ń jà lórí ohun tí kì í ṣe ti ẹnì kankan nínú wọn. Bí èèyàn méjì bá ń fa ohun kan mọ́ ara wọn lọ́wọ́, a máa ń ní wọ́n ń dù ú, wọ́n ń jìjàdù. Nítorí náà "ogun ìjàdù ilẹ̀" ni àbá tèmi. Yóò gba ogun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jà níbẹ̀: ti 1689 sí 1697, ti 1702 sí 1713, ti 1744 sí 1748, àti èyí tí a ń sọ yìí. Mẹ́ta àkọ́kọ́, Yúróòpù ni wọ́n ti dá wọn sílẹ̀, William, Anne àti George tó wà lórí ìtẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi sọ wọ́n lórúkọ.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìkẹta. Ní 1745 àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń gbé New England ní Amẹ́ríkà, tó jẹ́ àgbẹ̀ àti apẹja ni ọ̀pọ̀ wọn, lọ gba odi Louisbourg lọ́wọ́ Faransé. Àìsàn pa púpọ̀ nínú wọn níbẹ̀. Nígbà tó di 1748, àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì dá odi náà padà fún Faransé kí wọ́n lè gba Madras padà. Níbo ni Madras wà? Ní Íńdíà, Íńdíà gidi! Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá ti lo "Íńdíà" fún àwọn Mohawk, báwo lẹ ó ṣe wá kọ gbólóhùn yìí kí ó yé ọmọ iléèwé?

Ẹnì kan ní orúkọ lásán ni, ká má fi ọ̀rọ̀ kékeré dá ara wa lágara. Ọ̀rọ̀ kékeré kọ́. Ní May 28, 1754, àwọn ọmọ ogun George Washington, ẹni ọdún 22 tó ń jà fún Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, kọlu àwọn Faransé kan nínú igbó, ọ̀gá wọn Jumonville sì kú. Faransé ní ikọ̀ tí wọ́n rán níṣẹ́ ni ọkùnrin náà. Ní July 3, wọ́n ká Washington mọ́ inú Fort Necessity. Òjò ti sọ kòtò wọn di ẹrẹ̀, ìwé àdéhùn ìtúúbá tí Faransé fi ránṣẹ́ ti rin. Van Braam, ọmọ ilẹ̀ Holland, ló fi iná àbẹ́là kà á, tó ń túmọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú ìwé náà tó túmọ̀ sí pé ńṣe ni wọ́n ṣekú pa Jumonville. Washington fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ló ní "ikú" ni ògbufọ̀ pè é fún òun, kò pè é ní "ìṣekúpani". Faransé mú ìwé náà káàkiri Yúróòpù. Ẹ̀yin tí ẹ ń túmọ̀, ẹ ò rí nǹkan?

Èyí tó bí Amẹ́ríkà ní orílẹ̀-èdè tuntun gan-an ni gbèsè ogun náà. Ní 1754, Franklin, oníwèé ìròyìn ní Philadelphia, ti ya ejò tí wọ́n gé sí ọ̀nà mẹ́jọ sínú ìwé ìròyìn rẹ̀ pé kí àwọn ìletò Gẹ̀ẹ́sì ní Amẹ́ríkà so pọ̀ tàbí kí wọ́n kú. Wọn kò gbọ́. Ìgbà tí Faransé kúrò ní Kánádà ní 1763 ni ẹ̀rù tó ń mú wọn sá sábẹ́ ọba kúrò lára wọn, gbèsè Gẹ̀ẹ́sì sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ọba ní wọn kò gbọdọ̀ ré òkè Appalachian kọjá lọ tẹ̀dó. Ó tún wá di owó tí Gẹ̀ẹ́sì bù lé wọn ní 1765, lórí ìwé ẹjọ́, ìwé ìròyìn, títí kan káàdì tí wọ́n fi ń ta tẹ́tẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pe ìyẹn ní "owó orí". Ìwé ló wà fún, kò sí orí ẹnì kankan níbẹ̀: "owó òǹtẹ̀" ni. Nígbà tó di 1778, Faransé tí wọ́n ti lé lọ yìí kan náà ló wá gbè wọ́n lẹ́yìn sí Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹni tó dábàá "ìṣákọ́lẹ̀" fún owó yẹn mú mi rẹ́rìn-ín. Onílẹ̀ la ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún. Bí ó bá tọ́ sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, àwọn Lenape àti Shawnee, onílẹ̀ ibẹ̀, ni, ẹnikẹ́ni kò sì san án fún wọn.

Orúkọ ogun yìí, mo fi "Ogun Ìjàdù Ohio" lélẹ̀, nítorí àfonífojì odò Ohio ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jà lé lórí. Èyí tó ṣì ń dà mí láàmú ni ọ̀rọ̀ fún àwọn ibi mẹ́tàlá tí Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀dó sí yẹn kí 1776 tí wọ́n kéde òmìnira tó dé. "Ìletò" kéré fún ibi tí Philadelphia wà. "Ilẹ̀ àtìpó" wù mí, torí àtìpó mọ̀ pé ilẹ̀ ní olówó. Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyẹn kò gbà rí pé àtìpó ni àwọn. Ṣé ohun tí wọ́n pe ara wọn la ó kọ ni, àbí ohun tí wọ́n jẹ́? Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ ni ìwé.