Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ẹja kúta (barracuda) tó ń gé okùn ìpẹja mi: ó ti yanjú o

Ẹ̀yin ará, mo ní kí n wá parí ọ̀rọ̀ tí mo dá sílẹ̀ lóṣù tó kọjá, èyí tí mo ti ń pariwo pé kúta gé okùn mi lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, tó sì gbé ẹja rọ́bà tí mo fi ń tan ẹja lọ. Ẹni tó ní kí n fi wáyà síwájú ìwọ̀, ẹ ṣeun gan-an. Eyín kúta yẹn, abẹ ni, nylon lásán ò lè dúró níbẹ̀, mo kàn ń fi owó bọ òkun ni.

Sátidé, a jáde láago márùn-ún ààbọ̀, a kọjá Tarkwa Bay l'Ékòó, bá a ṣe kúrò láàárín odi òkúta méjèèjì tó wà lẹ́nu òkun níbẹ̀ báyìí ni ìgbì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wa sókè sọ̀ wá kalẹ̀, ọ̀rẹ́ mi tó ní òun kì í ṣe ọmọdé lórí omi ti ń bì kílẹ̀ tó mọ́ tán (ẹ má bínú, mo rẹ́rìn-ín). A rọra ń wọ́ ẹja rọ́bà tẹ̀lé ọkọ̀, àfi fíríìììì, ríìlì (ohun tí okùn ìpẹja ká mọ́) ti figbe ta! Apá mi fẹ́ẹ̀ já. Kúta kílò 9, gbogbo ara ẹ̀ ń dán bíi fàdákà, wáyà yẹn ti ká kórókóró ṣùgbọ́n kò já.

Ìyàwó mi ní owó epo tí mo sun, òun á fi ra kúta márùn-ún lọ́jà. Òótọ́ ni. Ó ṣáà bu orí kúta náà fún ara ẹ̀. Mo ti fomi tí ò níyọ̀ fọ ríìlì, Sátidé tó ń bọ̀ a tún ń lọ.