Àbájáde: bọ́tìnì pupa HbbTV ti ń dáhùn lórí tẹlifíṣọ̀n

Ìbéèrè mi nìyí: ètò HbbTV (ètò bí ojú ewé wẹ́ẹ̀bù tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ mọ́ ìkànnì tẹlifíṣọ̀n) tí mo ń kọ fún iṣẹ́ àṣeparí ẹ̀kọ́ ní Jámánì ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, àmọ́ tẹlifíṣọ̀n kò dá bọ́tìnì pupa rìmóòtù, tó yẹ kó ṣí ètò náà, lóhùn. Ó ti yanjú. Ẹ ṣé gan-an.

Àbá tí ẹ dá mi nípa keyset (àkójọ bọ́tìnì tí ètò béèrè fún) ló ṣe é. Tẹlifíṣọ̀n kì í fi bọ́tìnì rìmóòtù ránṣẹ́ sí ètò tí kò bá béèrè fún un. Ẹ kọ́kọ́ fi getOwnerApplication(document) mú ètò náà, ẹ pe show(), kí ẹ tó pe privateData.keyset.setValue(0x1). Pupa nìkan ni 0x1. Tí òǹwòran bá ti tẹ̀ ẹ́, ẹ sọ ọ́ di 0x11 kí àwọn bọ́tìnì ọfà àti OK lè wọlé. Ẹ má fi 0x11 bẹ̀rẹ̀ o! Ẹ ó gba ọfà mọ́ ẹni tó ń wo ìròyìn rẹ̀ jẹ́jẹ́ lọ́wọ́.

Àbá kejì, yíyí Content-Type (irú fáìlì tí sáfà sọ pé òun ń fi ránṣẹ́) sí application/vnd.hbbtv.xhtml+xml, ràn wá lọ́wọ́ díẹ̀: tẹlifíṣọ̀n kejì tó kọ ojú ewé náà tẹ́lẹ̀ ti ń ṣí i. Kò kan ọ̀rọ̀ bọ́tìnì. Ẹ̀wẹ̀, láti ìgbà náà, 
 àmì br (tó ń gé ìlà) kan ṣoṣo tí a kò pa dé ti tó láti ba gbogbo ojú ewé jẹ́; 
 br pẹ̀lú àmì / lẹ́yìn rẹ̀ ni kí ẹ kọ.

Stream event (àmì tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ń fi ránṣẹ́ sí ètò lásìkò kan pàtó) ló ṣẹ́kù. Inú DSM-CC (ọ̀nà tí a ń gbà fi dátà ránṣẹ́ pẹ̀lú ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́) ló ń gbà wá, AIT (tábìlì tó ń sọ ibi tí ètò wà fún tẹlifíṣọ̀n) nìkan sì ni ẹ̀rọ ìdánwò wa ń gbé jáde.