Mo ra ìfági àti ayùn àtijọ́ ní ọjà àlòkù car boot, bàbá mi tún fi orí ọkọ́ ránṣẹ́. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

AgbẹWoolwich
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Káńsù ṣẹ̀ṣẹ̀ fún mi ní ilẹ̀ allotment (ilẹ̀ kékeré tí wọ́n ń yá èèyàn láti fi dáko) ní London níbí, ilẹ̀ amọ̀ tó wúwo gan-an, mo sì ti pinnu pé mi ò ní gbé ẹ̀rọ kankan wọ ibẹ̀, ọwọ́ ni mo fẹ́ fi ṣe gbogbo ẹ̀, torí ìdí kọ̀ǹpútà ni mo máa ń wà látàárọ̀ dalẹ́, mo fẹ́ iṣẹ́ tí ara máa mọ̀. Mo bá bàbá òyìnbó kan tó ń ta irinṣẹ́ àtijọ́ pàdé ní car boot, mo ra ìfági Record No. 04 kan, ayùn Spear & Jackson kan àti àwọn ṣísù bíi mélòó kan, owó táṣẹ́rẹ́ ló gbà lọ́wọ́ mi. Gbogbo wọn ló ti dógùn-ún. Bàbá mi náà fi orí ọkọ́ méjì ránṣẹ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́, iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ni, kò sí ẹ̀rú ńbẹ̀.

Mo fẹ́ fi pákó ṣe bẹ́ẹ̀dì fún tẹ̀tẹ̀ àti ewédú, mo fẹ́ kan bẹ́ǹṣì kékeré kan, kí n sì gbẹ́ ẹ̀rú àwọn ọkọ́ yẹn fúnra mi. Báwo ni mo ṣe máa yọ ìdógùn-ún yìí tí mi ò ní ba irin jẹ́? Ṣé kí n gbé àwọn abẹ wọn lọ sórí gíráńdà ni? Igi wo ló sì dáa fún ẹ̀rú nílùú òyìnbó? Ẹnìkan níbi iṣẹ́ ní kí n kó gbogbo ẹ̀ dànù kí n lọ ra tuntun, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí torí mo rí i pé ojúlówó irin ni.

KáfíńtàLeeds
Àbúrò, jọ̀ọ́ má kó nǹkankan dànù. Sheffield ni wọ́n ti ṣe Record yẹn, 1931 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìfági, Sheffield yẹn náà ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Huntsman ti ń yọ́ irin nínú ìkòkò amọ̀ láti bí 1740 sókè, ìlú tó mọ irin ni. Ìdógùn-ún tó ò ń wò yẹn, òkè òkè lásán ni lọ́pọ̀ ìgbà.

Tú ìfági yẹn palẹ̀ pátápátá, máa ya fọ́tò bó o ṣe ń tú u kó o lè mọ bó o ṣe máa tò ó padà. Èyí tó bá jẹ́ irin nìkan nínú ẹ̀, rì í sínú fínígà funfun mọ́jú, má jẹ́ kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ torí á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin gan-an. Tó o bá yọ ọ́, fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà ha á, fi omi tó o da baking soda sí ṣàn án kí kíkan fínígà yẹn lè kú, nù ún gbẹ kíákíá kó o sì fi epo pa á, torí irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tinú fínígà bọ́ ò ní pẹ́ tún dógùn-ún.

Gíráńdà yẹn, rárá o. Ooru ló ń ba abẹ jẹ́. Iná ni wọ́n fi mú irin yẹn le, tó o bá gbé e sórí gíráńdà tó ń sáré tí ẹnu ẹ̀ wá di àwọ̀ aró báyìí, ibẹ̀ ti gbóná tó nǹkan bí 300 degree nìyẹn, líle ẹ̀ ti lọ, bó o pọ́n ọn títí kò ní di mímú mú mọ́ àfi tó o bá pọ́n gbogbo ibi tó jóná yẹn kúrò. Wá gíláàsì tó nípọn, lẹ sáńpépà mọ́ ọn, bẹ̀rẹ̀ láti èyí tí wọ́n kọ 220 sí lẹ́yìn, lọ sí 400, sí 1000, parí ẹ̀ ní 2000. Ẹ̀yìn abẹ ni kó o kọ́kọ́ tẹ́ pẹrẹsẹ títí ibi ẹnu á fi máa dán. Iwájú tó dagun yẹn, 25 degree ni wọ́n sábà máa ń lọ̀ ọ́ sí, gbé e sókè díẹ̀ sí 30 fún ẹnu gan-an. Máa pọ́n ọn lọ títí tó o bá fọwọ́ kan ẹ̀yìn ẹ̀ á máa ha ọ́ lọ́wọ́ láti igun kan dé ìkejì, kó o wá yí i padà, fa ẹ̀yìn ẹ̀ lórí sáńpépà kí irin tín-ín-rín tó ń ha ọ́ lọ́wọ́ yẹn já kúrò. Tó bá ti lè fá irun apá ẹ, ó ti ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà lo máa ṣe àwọn ṣísù.

Ayùn yẹn ní tiẹ̀, fáìlì onígun mẹ́ta lo máa fi pọ́n eyín ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ayùn tuntun tó wà ní ṣọ́ọ̀bù báyìí, àwọn tí eyín wọn dúdú yẹn, wọ́n ti mú eyín ẹ̀ le débi pé fáìlì ò ràn án, tí kò bá ti mú mọ́, ààtàn ló ń lọ. Ti àtijọ́, ọmọ ọmọ ẹ á ṣì máa pọ́n ọn.

ÌyáẸlẹ́fọ̀ọ́
Ọmọ mi, kú oríire ilẹ̀ o. Káfíńtà ti sọ ti irin, jẹ́ n sọ ti ilẹ̀. Amọ̀ London yẹn, má wọ inú ẹ̀ nígbà tó bá rọ̀ pọ̀tọ̀pọ̀tọ̀, ibi tó o bá tẹ̀ á kì pọ̀ ni. Oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá ni kó o fi ọkọ́ yẹn kọ ọ́ ní ògúlùtu ògúlùtu, má fọ́ ọ, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, òtútù ló máa bá ẹ fọ́ ọ kó tó di ìgbà gbígbìn. Àwọn òyìnbó tó yí mi ká, ṣọ́bìrì ni wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ wọlẹ̀, ọkọ́ ni èmi ń lò lórí amọ̀, torí bó ṣe ń bọ̀ látòkè ìwúwo orí ẹ̀ ló ń wọlẹ̀, ìwọ kàn ń darí ẹ̀ ni.

Pákó pálẹ́ẹ̀tì dáa fún bẹ́ẹ̀dì ṣùgbọ́n wo òǹtẹ̀ ara ẹ̀ dáadáa. Èyí tí wọ́n tẹ HT sí ni kó o mú, ooru nìkan ni wọ́n fi pa kòkòrò inú ẹ̀. Tó o bá rí MB, oògùn methyl bromide ni wọ́n fín sí i, má gbé e sún mọ́ nǹkan tó ò ń jẹ. Igi tí wọ́n yọ lábẹ́ ojú irin rélùwéè náà, creosote, oògùn olóró tí wọ́n fi ń pa igi kó má jẹrà, ló kún inú ẹ̀, èèyàn púpọ̀ ń lò ó, inú mi kì í dùn sí i tí mo bá rí i.

Tẹ̀tẹ̀, oṣù kẹrin ni mo máa ń gbìn ín sínú ike lójú fèrèsé, ìparí oṣù karùn-ún sí ìbẹ̀rẹ̀ ìkẹfà ni mo ń lọ́ ọ síta. Ewédú ò fara da òtútù, inú greenhouse ló ti máa ń ṣe dáadáa. Kó o tún sọ fún bàbá pé tí wọ́n bá tún fẹ́ fi irinṣẹ́ ránṣẹ́ kí wọ́n fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, ìjọba ibí ò gbà kí iyẹ̀pẹ̀ ilé wa wọlé. Tó o bá sì ní àdá, inú ṣẹ́ẹ̀dì allotment ni kó máa gbé, tì í pa. Tó o bá fẹ́ gbé e lójú títì, wé e dáadáa, lọ tààrà sí oko, má gbà á kiri ọjà torí òfin ibí ò fi ọ̀rọ̀ àdá ṣeré.

ỌmọÒgún_Ọ̀yọ́
Ẹ kú ọ̀rọ̀ oko o bùrọ̀dá. Ilé alágbẹ̀dẹ ni wọ́n ti tọ́ mi. Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ẹ̀rú máa gbà wọ ọkọ́ yẹn. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ká irin yípo bí àpò, ẹ̀ka igi tó tẹ̀ fúnra ẹ̀ lẹ máa wá, tí igun ẹ̀ máa ki bọ inú ẹ̀, ẹ má fi igi gbọọrọ méjì so pọ̀. Tó bá jẹ́ ìrù ṣóńṣó ló ní, orí igi lẹ máa lu fún un. Tó bá jẹ́ síbíríǹgì ọkọ̀ ni alágbẹ̀dẹ fi rọ ọ́, bó ṣe wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ẹnu ẹ̀ á pẹ́ kó tó kú. Fáìlì ni kẹ́ ẹ fi pọ́n ọn, ojú kan ṣoṣo, ojú tó máa kọjú sí yín. Nílé níbí igi òrí àti ayín la máa ń fẹ́ fún ẹ̀rú, wọ́n le, wọn kì í tètè ṣẹ́. Tí ọkọ́ bá wá ń mì lórí ẹ̀rú, ẹ rì í sómi kẹ́ ẹ tó lọ oko, igi á wú, á dì í mú.

KáfíńtàLeeds
Ọmọ Ògún, mo gbà gbogbo ẹ̀ àyàfi ti omi yẹn. Òótọ́ ni pé á dì í mú lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n bí igi yẹn ṣe ń wú sínú irin ló ń tẹ ara ẹ̀ fọ́, tó bá gbẹ tán á tún kéré ju tàtẹ̀yìnwá lọ. Igi tó ti gbẹ dáadáa ni kó gbẹ́, kó sì la orí ẹ̀ díẹ̀ kó kan ègé igi líle tó ṣóńṣó sí i. Igi ash ni kó wá, òun ni wọ́n ti ń fi ṣe ẹ̀rú ṣọ́bìrì níbí láti ayébáyé. Àrùn tó ń pa ash yìí, 2012 ni wọ́n rí i ní Britain, wọ́n ń gé e káàkiri, béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń gé igi, wọ́n lè fún ẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Rí i pé okùn igi yẹn lọ tààrà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Tó o bá gbẹ́ ẹ tán, fi epo linseed pa á, aṣọ tó o bá fi pa á, tẹ́ ẹ gbẹ níta, má ká a jọ síbì kan, ó lè gbiná fúnra ẹ̀.

ỌmọÒgún_Ọ̀yọ́
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé. Ní oko tiwa kò sí àyè à ń kan igi lọ́wọ́ kan, omi yẹn ló yá, ṣùgbọ́n mo gbọ́ tiyín.

AgbẹWoolwich
Ẹ ṣé púpọ̀ ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti màmá. Abẹ ìfági ti ń fá irun báyìí, inú mi dùn kọjá sísọ. Ṣùgbọ́n tí mo bá fi fá pákó, ibì kan á dán, ibì kan á máa ya hẹ́rẹ́hẹ́rẹ́. Kí ló fà á?

KáfíńtàLeeds
Okùn igi lò ń lọ lòdì sí níbẹ̀. Wo ẹ̀gbẹ́ pákó yẹn, wàá rí ìlà tó ń gòkè lọ sápá kan, apá ibi tó ń gòkè lọ ni kó o máa ti ìfági sí. Níbi tí kókó bá wà okùn á yí padà, yí pákó náà padà níbẹ̀. Irin kejì tó bo abẹ yẹn, sún un mọ́ ẹnu abẹ títí kó ku bíi ìdajì milimítà, kó o sì dín jíjìn abẹ kù títí ẹ̀rún tó ń jáde á fi fẹ́lẹ́. Pa ìsàlẹ̀ ìfági náà ní àbẹ́là, á máa yọ̀ lọ. Tó bá ṣì ń ya, fi fọ́tò pákó yẹn ránṣẹ́ ká jọ wò ó.