Mọ́tò ọlọ́dún 14 tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà: ṣé kí n rà á àbí kí n sá?

Ìyá Ìbejì:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó fowó mi ra wàhálà. Ẹnì kan tí mo mọ̀ fẹ́ ta mọ́tò ẹbí rẹ̀. Ó ti pé ọdún 14, ó ti rin 228,000 kìlómítà, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì ń fà, kì í ṣe ti iwájú nìkan. Inú rẹ̀ gbà wá dáadáa: ọmọ mẹ́rin, èmi àti bàbá wọn, ẹrù tún ráyè lẹ́yìn. Ọ̀nà ilé wa máa ń di ẹrẹ̀ tí òjò bá ti rọ̀, ìdí nìyẹn tí ọkàn mi fi fà sí i.

Mo wà á lọ, mo wà á bọ̀. Ẹ́ńjìnnì dákẹ́ jẹ́ẹ́, AC ń tutù, ara rẹ̀ ń dán. Ṣùgbọ́n bàbá wọn ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tó bá ti dàgbà, gbèsè ló ń bí. Ọdún márùn-ún ni mo fẹ́ fi lò ó, ó kéré tán. Ṣé ó lè gbé mi débẹ̀?

Àbúrò Yín:
Ẹ sá o, mà! Ọ̀gá mi kan ní irú ẹ̀, gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ ló fi ń wà lábẹ́ ẹ̀.

Mẹkáníìkì Àgbà:
Àbúrò, o kàn ń dẹ́rù bà wọ́n ni. Kí ló ṣe ọkọ̀ ọ̀gá rẹ gan-an?

Ìyá Ìbejì, ẹ́ńjìnnì tí ẹ wò yẹn dáa, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì kọ́ ló sábà ń pa irú ọkọ̀ yìí. Ibi tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí ni ikú rẹ̀ ti ń wá. Ọkọ̀ tí táyà iwájú nìkan ń fà, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àti ti jíà ni wàhálà rẹ̀. Eléyìí tún ní transfer case lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà, àpótí tó ń pín agbára ẹ́ńjìnnì sí iwájú àti ẹ̀yìn, ó ní ṣáàfù gígùn tó gba abẹ́ lọ sẹ́yìn, ó tún ní differential láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì, òun ló ń jẹ́ kí ọ̀kan lè yí ju èkejì lọ tí ọkọ̀ bá ń yà. Differential yẹn ní ọ́ìlì tirẹ̀, lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ transfer case náà ní tirẹ̀. Ọ́ìlì ibẹ̀ kéré, ó lè má ju nǹkan bíi lítà kan lọ, kò sì sí iná kankan tó máa tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù tó bá ń jò lọ. Síìlì, rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́nú, á máa jò díẹ̀díẹ̀, ẹ ò ní mọ̀, àfi ìgbà tí irin bá ti ń jẹ irin.

Torí náà ẹ má bi ẹni tó ń tà á pé ṣé ọkọ̀ náà lágbára. Ẹ bi í pé: ọ́ìlì ẹ̀yìn ńkọ́, ìgbà wo lẹ pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn? Bó bá wò yín bí ẹni tí kò gbọ́ èdè tí ẹ ń sọ, ẹ ti gba èsì.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Mẹkáníìkì tiwa ní òun lè tú u wò. Kí ni kó máa wá níbẹ̀?

Mẹkáníìkì Àgbà:
Ẹ sọ fún un pé nọ́ọ̀tì òkè ni kó kọ́kọ́ tú, ibi tí wọ́n ń gbà rọ ọ́ìlì sí, kó tó fọwọ́ kan ti ìsàlẹ̀. Mo rí ẹni tó da ọ́ìlì nù tán kó tó mọ̀ pé ìpẹta ti gbá nọ́ọ̀tì òkè mú pinpin. Ọkọ̀ tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé, gbígbé ni wọ́n gbé e jáde.

Nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ sábà máa ń ní mágínẹ́ẹ̀tì lórí. Tí ẹ bá rí nǹkan dúdú eléérú lórí rẹ̀, tó rí múlọ́múlọ́, tí ẹ fìka nù ún tí kò gún yín, kò sí nǹkan kan níbẹ̀, irin tó ti ń ha ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún ni. Àmọ́ tí ẹ bá rí ègé irin, ìbáà kéré bí èékánná ọmọ tuntun, ẹ fún ẹni tó ń tà á ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kí ẹ máa lọ ilé.

Awakọ̀ Alẹ́:
Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti ọ́ìlì, ẹ jẹ́ kí n sọ ti táyà, torí òun ló jẹ owó mi. Táyà mi kan bẹ́, mo ra ẹyọ kan tuntun, mo fi mẹ́ta tó ti jẹ sílẹ̀. Mo rò pé mo ń ṣọ́wó ná ni. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn hùùù látẹ̀yìn, tí mo bá sì dúró, òórùn ọ́ìlì tó ń jóná á gba imú mi.

Mo jókòó ṣírò rẹ̀ lẹ́yìn náà. Táyà tuntun tí gíga rẹ̀ láti ilẹ̀ dé òkè jẹ́ 700 mìlímítà, tí eyín rẹ̀ bá fi mìlímítà 5 jẹ, gíga yẹn á di 690. Nínú 100 kìlómítà, èyí tó jẹ yẹn á fi nǹkan bí 660 ìgbà yí ju tuntun lọ. Àwọn ohun tó ń pín agbára lábẹ́ ọkọ̀ ló máa gba ìyàtọ̀ yẹn mọ́ra, ìṣẹ́jú kan kò ní sinmi fún wọn. Irú táyà kan náà, ìwọ̀n kan náà, jíjẹ kan náà, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin!

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wá ilẹ̀ gbígbẹ tó tẹ́jú. Ẹ yí sítíárìn dé òpin, ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀, kí ẹ máa yí po jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Tó bá ń fò tó ń fà bí ìgbà tí ẹnì kan di ìdí rẹ̀ mú, ẹ̀yìn àti iwájú ń bá ara wọn jà nìyẹn.

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta:
Èmi ò tíì gbà pé ẹ nílò rẹ̀ rárá o, Ìyá Ìbejì. Táyà mẹ́rin tó ń fà máa ń yọni nínú ẹrẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò ran bíréèkì lọ́wọ́ láti tètè mú. Ó tún ń mu epo. Táyà tó dáa lára mọ́tò kékeré mi ti gbé mi kọjá ibi tí ọkọ̀ tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà rì sí.

Mẹkáníìkì Àgbà:
Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, mi ò bá yín jiyàn. Ṣùgbọ́n ènìyàn mẹ́fà pẹ̀lú ẹrù nínú mọ́tò kékeré? Ẹ ṣàánú ṣọ́ọ̀kù.

Àbúrò Yín:
Ẹ tún wo bóyá bẹ́líìtì ni tàbí ṣéènì ló wà nínú ẹ́ńjìnnì, èyí tó ń mú kí òkè àti ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì máa yí pọ̀. Toyota Highlander elẹ́ńjìnnì V6 ti 2007 sẹ́yìn, bẹ́líìtì ni. Láti ti 2008, ṣéènì. Subaru náà, ẹ́ńjìnnì EJ25 tó wọ́pọ̀ ń lo bẹ́líìtì, FB25 tó rọ́pò rẹ̀ ń lo ṣéènì. Bẹ́líìtì, ọjọ́ orí rẹ̀ náà ń ka, rọ́bà ni. (Ẹ̀gbọ́n, mo bi ọ̀gá mi. Differential ẹ̀yìn ló bàjẹ́. Kò pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ rí.)

Mẹkáníìkì Àgbà:
Ẹ̀n-ẹ́n.

Ìyá Ìbejì:
Mo ti dé o. Ṣéènì ló wà nínú rẹ̀. Ìwé gbogbo ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì wà nílẹ̀ létòlétò, ti ẹ̀yìn kò sí ẹyọ kan. Mẹkáníìkì tú nọ́ọ̀tì òkè kó tó tú ti ìsàlẹ̀, ọ́ìlì dúdú bí omi aró, ṣùgbọ́n ohun tó wà lórí mágínẹ́ẹ̀tì múlọ́múlọ́, kò gún mi níka.

Táyà ni mo wá wò. Mẹ́ta ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pá, ìkẹrin ṣì ń dán. Mo yí i po, ó fò lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó ni ín ní, "Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn látìgbà tí mo ti ra táyà yẹn."

Mẹkáníìkì Àgbà:
Ẹ má tíì sanwó. Kó fi táyà mẹ́rin tó bára mu sí i, kí ẹ rọ ọ́ìlì tuntun sẹ́yìn, irú èyí tí ìwé ọkọ̀ náà dárúkọ gan-an, kí ẹ tún yí i po. Tó bá ṣì ń fò, táyà tí kò bára mu yẹn ti ba nǹkan jẹ́ nínú rẹ̀.

Ìyá Ìbejì:
Ó gbà láti ra táyà, ó kàn fajú ro díẹ̀. Ọjọ́ Sátidé la máa tún un yí. Bàbá wọn tó ní kí n sá, òun ló ti ń wá ẹní tí òun máa tẹ́ sábẹ́ ọkọ̀.