Ère tí mo ṣe ti yọ ní ẹ̀sítéètì kejì: ta ló ni ín?

Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ yìí, mo kí yín o. Ìbàdàn ni mo ti ń fi simẹ́ńtì ṣe ère. Lọ́dún 2024, ilé-iṣẹ́ kan tó ń kọ́lé tà gbé iṣẹ́ ẹnu géètì ẹ̀sítéètì wọn fún mi: aláró mẹ́ta tó dúró ti ìkòkò aró. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ṣe é, wọ́n sì sanwó mi pé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo rí àwọn aláró mi lẹ́nu géètì wọn mìíràn ní Mọ́wé. Kódà, ìka tó kúrú lọ́wọ́ ẹni àárín, tí mo ṣèèṣì ṣẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ló kúrú níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti ra iṣẹ́ náà tán, nítorí ìwé àdéhùn wa sọ pé: “Lẹ́yìn owó ìkẹyìn, ère náà di ti ilé-iṣẹ́.” Ǹjẹ́ mo ṣì lẹ́nu ọ̀rọ̀?

Lọ́yà kan, Abẹ́òkúta: Ẹ lẹ́nu ọ̀rọ̀ dáadáa, sà. Ẹni tó ra ère ló ni ère, ṣùgbọ́n àṣẹ láti ṣe irú rẹ̀ mìíràn kì í bá simẹ́ńtì lọ. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ (copyright) Nàìjíríà tí Ààrẹ fọwọ́ sí lóṣù kẹta ọdún 2023, ẹni tó ṣe iṣẹ́ ni ẹ̀tọ́ náà kọ́kọ́ jẹ́ tirẹ̀, títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, kò sì lè kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá láìsí àkọsílẹ̀. Gbólóhùn yín yẹn dárúkọ ère. Kò dárúkọ ẹ̀tọ́ àtiṣe òmíràn.

Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ akọ́létà mìíràn: Lóòótọ́, àwa náà máa ń fẹ́ kí gbogbo ẹ̀sítéètì wa jọra. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé níbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì san owó rẹ̀ lọ́tọ̀.

Ọmọ Agbẹ́gilére: Ọ̀rọ̀ ìka yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn. Ẹni tó bá wo fọ́tò ṣe ère kò ní ṣe ìka kúkúrú. Ẹ̀gbọ́n, níbo ni mọ́ọ̀dù tí ẹ fi da simẹ́ńtì ère náà wà?

Ẹni tó béèrè: Háà! Inú ṣẹ́ẹ̀dì wọn ni mo fi sílẹ̀, torí n kò rí ọkọ̀ kó o.

Lọ́yà kan, Abẹ́òkúta: Ẹ má tíì bá wọn jà lórí fóònù. Ẹ ya fọ́tò ère méjèèjì, kí ìka náà hàn kedere, kí ẹ sì wá àwòrán àkọ́kọ́ tí ẹ fi pẹ́ńsù yà, kí lọ́yà tó wà nítòsí yín tó kọ̀wé sí wọn.

Ẹni tó béèrè: Mo ti rí àwòrán náà, ọjọ́ tí mo yà á wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo ń lọ sí Mọ́wé láàárọ̀ ọ̀la.