Báwo ni mo ṣe lè mú kí mólékù dúró lójú iyọ̀ KBr (potassium bromide)?

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi AFM (ẹ̀rọ tó ń fi ṣóńṣó tín-ín-rín yẹ ojú nǹkan wò) ṣiṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, mo nílò ìmọ̀ràn yín gidigidi.

Mo fẹ́ kí mólékù to ara wọn lọ́wọ̀ọ́wọ́ lójú ohun tí iná mànàmáná kì í gbà kọjá. Mo ń la kírísítà KBr níbi tí a ti fa gbogbo afẹ́fẹ́ jáde, mo sì ń mú un gbóná díẹ̀ kí iná tó há sójú rẹ̀ lè tú ká. Títí débẹ̀, kò sí wàhálà. Àmọ́ bí C60 (mólékù tó rí bíi bọ́ọ̀lù, tí ọgọ́ta átọ́ọ̀mù kábọ́ọ̀nù para pọ̀ di) bá ti balẹ̀ báyìí, kì í dúró. Ńṣe ló ń yọ̀ kiri bí omi lórí ewé kókò, títí yóò fi kó jọ sí etí ibi tó ga tó sì rẹlẹ̀ bí àtẹ̀gùn lójú kírísítà.

Ó yé mi pé iyọ̀ kì í di mólékù mú bíi bàbà. Àwọn kan ń tẹ́ NaCl (iyọ̀ ọbẹ̀) fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí bàbà kí STM, ẹ̀rọ tó nílò iná mànàmáná kó tó ríran, lè ríran, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ irin nítòsí rárá.

Ṣé kí n kúkú lọ sórí calcite (irú òkúta kan tí iná mànàmáná kì í gbà kọjá)? Ní 2011, wọ́n fi hàn pé benzoic acid tó ní iodine lára lè so pọ̀ níbẹ̀ bí ooru bá kàn án, torí apá carboxylic acid tó wà lára mólékù náà ń di calcite mú. Bí mo bá dán irú rẹ̀ wò lórí KBr, ṣé mólékù ò ní fò lọ kó tó so pọ̀? Ta ló sì ti fi ṣóńṣó AFM taari mólékù kan ṣoṣo lọ síbi tó fẹ́ láìlo òtútù líle?